Àmúwá Ọlọ́run: Ọlọ́run Wo Ni À Ń Sọ?

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn, kò sí gbólóhùn tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ tó "àmúwá Ọlọ́run ni." Ọkọ̀ akérò já sí kòtò ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: àmúwá Ọlọ́run ni. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò tí omi ẹ̀rọ kò ti yọ láti ọdún gbọọrọ: àmúwá Ọlọ́run ni. Ilé wó lé àwọn tí ó sùn sínú rẹ̀ lórí: àmúwá Ọlọ́run náà ni. Ohun tí mo sì kíyè sí ni pé ẹni tí òfò ṣẹ̀ gan-an kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹni tí ó yẹ kí ó dí kòtò, ẹni tí ó yẹ kí ó tún ẹ̀rọ omi ṣe, ẹni tí ó buwọ́ lu ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àwọn ni ọ̀rọ̀ náà máa ń yá lẹ́nu.

Olóòtú kan wà tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bí akọ̀ròyìn bá kọ "àmúwá Ọlọ́run" sínú ìròyìn láìsọ ẹni tí ó sọ ọ́, bàbá yìí yóò fi gègé pupa fa igi lé e, yóò sì bèèrè pé, "Ta ló fi ọ̀rọ̀ wá Ọlọ́run lẹ́nu wò?" Gbogbo wa a bú sẹ́rìn-ín. Mo ti fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí sílẹ̀. Lẹ́nu ta ni a ti gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe àti ohun tí kì í ṣe?

Kristẹni ni mí. N kò fẹ́ wàásù fún ẹnikẹ́ni níbí, nítorí mo mọ̀ pé Mùsùlùmí wà, oníṣẹ̀ṣe sì wà, lára àwọn tí yóò ka ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ẹni tí ó bá gba Jésù gbọ́, kì í ṣe orúkọ kan ni ó fi kún àwọn orúkọ tí ó ń pe Ọlọ́run. Ojú tí ó fi ń wo Ọlọ́run gan-an ni ó yí padà. Àwọn nǹkan kan sì wà tí ìgbàgbọ́ náà kò ní jẹ́ kí ó lè sọ nípa Ọlọ́run mọ́, bí ó ti wù kí wọ́n mọ́ ọn lẹ́nu tó.

Kí àwọn ajíhìnrere tó dé ni Yorùbá ti mọ Ọlọ́run. Ẹ wo àwọn orúkọ: Olódùmarè, Ẹlẹ́dàá, Ẹlẹ́mìí, Ọba Ọ̀run, Ọlọ́jọ́ Òní. Bọ́lájí Ìdòwú, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn tí ó padà di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, gbé odidi ìwé jáde ní ọdún 1962 láti fi hàn pé àwọn baba wa kì í ṣe aláìmọ Ọlọ́run. Ọ̀kan lára ohun tí àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí láti ìgbà pípẹ́ ni pé Olódùmarè kò ní ojúbọ bíi ti Ògún tàbí ti Ọ̀ṣun. Àwọn òrìṣà ni ènìyàn ń tọ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní ẹjọ́ láàfin ṣe ń gba ọ̀dọ̀ ìjòyè kọjá. Ọba tóbi, ọba jìnnà, jíjìnnà náà sì wà lára ọ̀wọ̀ rẹ̀.

Orúkọ yìí, Ọlọ́run, ni Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú lò nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì. Wọn kò yá orúkọ tuntun wá láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìpinnu yẹn wúwo ju bí a ti ń rò lọ, nítorí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ìyá àgbà kan ní Òṣoògùn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá jí ní òwúrọ̀ náà ni Baba Jésù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1844, ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, Crowther, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ àlùfáà ní ọdún tí ó ṣáájú, ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Ibi tí ó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni orí kìn-ín-ní Ìhìnrere Lúùkù, níbi tí áńgẹ́lì ti ń sọ fún Màríà irú ọmọ tí yóò bí, àti pé Ọmọ Ọlọ́run ni a ó máa pè é. Mo máa ń ronú lórí ibi tí ó yàn yẹn. Ó lè ti mú ọ̀rọ̀ nínú òfin Mósè, ó lè ti mú un nínú ìtàn ìṣẹ̀dá. Èyí tí ó gbé síwájú àwọn tí wọ́n ti tà rí ni pé Ọba tí kò ní ojúbọ ti gba inú obìnrin kan wọlé ayé. Àwọn olùgbọ́ sì ṣe àmín rẹ̀ lọ́nà tiwa: wọ́n ní kí ó ṣẹ.

Crowther fúnra rẹ̀ mọ ohun tí òfò ń jẹ́. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, ìlú rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní ọdún 1837, ó pe ọjọ́ tí wọ́n kó o ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì fi kún un pé wọ́n ti kọ́ òun láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan a máa fi èyí ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run ni ó rán àwọn akónilẹ́rú níṣẹ́. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó so pọ̀, kò fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ó dúpẹ́ nítorí ibi tí Ọlọ́run bá a dé, síbẹ̀ ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ bá òwò ẹrú jà. Bí òwò ẹrú bá jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, ta ni Crowther tí yóò máa bá Ọlọ́run jà? Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ojú rẹ̀ tún kan ojú ìyá rẹ̀, Afala, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Mo fẹ́ gbà pé Ọlọ́run wà níbi ìpàdé yẹn. Láti sọ pé òun náà ni ó dáná sun Òṣoògùn kí ìpàdé náà lè dùn, ìyẹn ni ọ̀nà ọ̀fun mi kò gbà.

Kí ló dé tí kò fi gbà? Ibí yìí ni Jésù ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fáàjì, ní Erékùṣù Èkó, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ènìyàn kò ní rin ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ èrò kí ó má gbọ́ àlàyé méjì: àkọ́kọ́, pé Ọlọ́run ni ó fà á, èkejì, pé kì í ṣe lásán, wọn yóò ti ṣe nǹkan kan. Irú ilé wíwó bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ayé Jésù. Ilé ìṣọ́ kan ní Sílóámù wó, ó pa ènìyàn 18. Lúùkù kọ ọ́ sínú orí 13 ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn ará Gálílì kan tí Pílátù pa níbi tí wọ́n ti ń rúbọ. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni ìbéèrè inú ọkọ̀ èrò wa: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn ju ti àwọn yòókù lọ ni? Jésù ní rárá. Kò fi òkú wọn ṣe ẹ̀kọ́ nípa ìwà wọn. Àwọn tí ó ń bi í léèrè ni ó yí ojú sí, ó ní kí àwọn gan-an ronú pìwà dà. Bí mo bá jẹ́ mínísítà tí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ wà lábẹ́ àṣẹ mi, èsì yẹn kò ní jẹ́ kí n sùn.

Orúkọ Sílóámù náà tún yọjú nínú Jòhánù orí 9, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí adágún omi ni. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n bí ní afọ́jú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù pé ta ni ó ṣẹ̀, ọkùnrin náà ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Yorùbá kankan kò nílò kí wọ́n túmọ̀ ìbéèrè yẹn fún un. Inú ìdílé wa ni a ti ń gbọ́ ọ: ẹ̀ṣẹ̀ baba ńlá wo ni, àwọn ará ilé wo ni, ilẹ̀ wo ni a dà? Jésù dáhùn pé kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tutọ́ sílẹ̀, ó po ẹrẹ̀, ó fi pa ojú ọkùnrin náà, ó ní kí ó lọ wẹ̀ ní adágún Sílóámù. Ó fa ọwọ́ àlàyé sẹ́yìn, ó sì na ọwọ́ ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun èmi fúnra mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin bí ọmọ kan ní oṣù méje, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gbé ọmọ náà sínú àpótí oníná tí ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. Ní òru ọjọ́ kẹta, iná mànàmáná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀, epo ni kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó epo sí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ti lọ. Dókítà tí ó wá bá wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí àìsùn. Ó gbé ọwọ́ lé ọkọ àbúrò mi léjìká, ó ní kí a gba kámú, àmúwá Ọlọ́run ni. N kò bínú sí i. Mo rò pé òun náà ń wá ibi tí yóò gbé ẹrù náà sọ̀ sí.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wá kí wọn nílé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àdúrà rẹ̀ gùn. Nígbà tí ó ṣe àmín tán, ó bi àbúrò mi bóyá kò sí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ọ̀tá, bóyá kò sí ìdámẹ́wàá kan tí wọ́n jẹ mọ́ra. Àbúrò mi kò dá a lóhùn. Nígbà tí bàbá náà jáde, ó kọjú sí mi.

"Bọ̀dá mi, ṣé nítorí ìdámẹ́wàá ni Ọlọ́run ṣe pa ọmọ mi?"

N kò ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan lẹ́nu. Mo ní, "Dárúkọ ọmọ kan ṣoṣo tí Jésù pa fún mi."

Ó wò mí. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ọmọbìnrin Jáírù tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, Jésù fà á lọ́wọ́ dìde. Ọmọkùnrin opó ìlú Náínì, ó dá a padà fún ìyá rẹ̀. Èyí tí wárápá ń gbé ṣubú sínú iná, ó wò ó sàn. Àwọn tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń lé, ó gbé wọn sí apá. Kò rí èyí tí ó pa. Kò rí ìyá tí ó bi léèrè owó kí ó tó ṣàánú rẹ̀. Ohun tí àwa Kristẹni sì ń jẹ́wọ́ ni pé ẹni yìí ni àwòrán Ọlọ́run gan-an. Nígbà tí Fílípì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi Baba hàn wọ́n, èsì Jésù ni pé ẹni tí ó ti rí òun ti rí Baba. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, Ọlọ́run tí ń pa ọmọ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìdámẹ́wàá kò sí níbikíbi. Ẹnì kan ni ó dá a sílẹ̀.

Ẹni tí ó mọ Bíbélì yóò ti ṣí ẹnu báyìí: Májẹ̀mú Láéláé ńkọ́? Àwọn àkọ́bí Íjíbítì ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, èmi kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tí ń fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé inú ìhìnrere fúnra rẹ̀ ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti wáyé. Nínú Lúùkù orí 9, ìletò àwọn ará Samáríà kan kò gba Jésù lálejò. Jákọ́bù àti Jòhánù bínú, wọ́n fẹ́ pe iná láti ọ̀run kí ó jó wọn, irú èyí tí Èlíjà pè rí. Wọ́n ní ẹ̀rí nínú ìwé mímọ́, wọ́n ní àpẹẹrẹ wòlíì ńlá. Jésù yípadà, ó bá wọn wí. Wọ́n sì gba ìletò mìíràn lọ. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: wọ́n gba ibòmíràn. Mo mọ àwọn òkè àdúrà tí ìtàn yìí kò tíì dé rárá. "Iná! Iná! Iná!" títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí ènìyàn yóò sì máa dárúkọ àǹtí bàbá rẹ̀ fún iná náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi àdúrà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ó kó ara wọn jọ gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ń pa ènìyàn, àti èrò rẹpẹtẹ tí ó wọ́ tọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, àwọn ni ó kọ́ wa pé Ọlọ́run kò jìnnà, ó ń gbọ́. Gbèsè wọn wà lọ́rùn wa. Èyí tí mo ń sọ ni irú ẹni tí a rò pé ó ń gbọ́ wa.

Kì í sì í ṣe pé Jésù kì í bínú. Ó bínú, ó sì le. Ó da tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ìbínú rẹ̀ ń bá: àwọn olùkọ́ òfin tí ń jẹ ilé àwọn opó run, tí wọ́n sì ń fi àdúrà gígùn bo ojú rẹ̀, àwọn tí ń di ẹrù wúwo lé ọmọ ènìyàn lórí láìfi ìka kan ràn án lọ́wọ́. Bí mo bá fẹ́ mọ ẹni tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yẹn, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ.

Orúkọ kan wà tí a máa ń pe Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó dùn létí: Kábíyèsí. A mọ ìtumọ̀ rẹ̀, pé kò sí ẹni tí ó tó bi í. (Àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì lè gbé igbá òfìfo síwájú Aláàfin, Aláàfin yóò sì mọ ohun tí ìlú wí.) Orúkọ náà tọ́ sí Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó ti di ohun èlò ìpanilẹ́numọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, bí ó bá ní "kí ló dé?", wọn yóò ní kí ó dákẹ́, kí ó má bàa ṣẹ̀, a kì í bi Kábíyèsí. Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí orí àgbélébùú. Máàkù sọ fún wa pé Jésù kígbe ní ohùn rara, ó sì bi Ọlọ́run rẹ̀ léèrè ìdí tí ó fi kọ òun sílẹ̀. Ẹni tí a pè ní Ọmọ Ọba ni ó bi Kábíyèsí ní ìbéèrè. Ní gbangba, lójú àwọn ọmọ ogun àti àwọn ẹlẹ́yà. Bíbéèrè náà kò sọ ọ́ di aláìgbàgbọ́, nítorí "Ọlọ́run mi" ni ó ṣì ń pè é.

Ẹni tí igbe yẹn yí ayé rẹ̀ padà ni Jürgen Moltmann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ọmọ ọdún 17 ni ní oṣù Keje ọdún 1943, nígbà tí wọ́n rọ òjò bọ́ǹbù lé ìlú Hamburg lórí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó dúró tì í kú lójú rẹ̀, òun kò sì kú. Kì í ṣe ilé ẹlẹ́sìn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó di ẹlẹ́wọ̀n ogun, wọ́n fún un ní Bíbélì, ó ka Máàkù, ó sì dé ibi igbe yẹn. Ó ní òun mọ̀ níbẹ̀ pé ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ òun yé. Ọ̀kan lára àwọn ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1972, orí Ọlọ́run tí a kàn mọ́ àgbélébùú ni ó sì dá lé. Ọdún 2024 ni ó kú. Kò sọ pé ikú ọ̀rẹ́ òun ní àlàyé. Ohun tí ó sọ ni pé nínú Jésù, Ọlọ́run kò dúró lókè réré máa wo ẹni tí ń jìyà. Ó wà nínú ìyà náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àlájì, kò gba èyí rárá. Bí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ni tiwa rí: bàbá mi di Kristẹni nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró nínú Ìsìláàmù, a sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Ní Iléyá kan, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó sọ fún mi pé àwa Kristẹni ti fa Ọlọ́run wálẹ̀ jù. "Ọlọ́run kò bímọ, a kò sì bí i. Báwo ni Ọlọ́run yóò ṣe kú? Ọba tí ń wẹ ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ rẹ̀, ṣé ọba ni?"

Mo ní, "Bàbá, ọba tí ó lè wẹ ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ tí ọba rẹ̀ kò sì dínkù, ṣé kò tóbi ju èyí tí ń bẹ̀rù kí adé má bọ́ lórí òun?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu oníròyìn ni mo ní. Kò yí ọkàn padà, èmi náà kò yí. Ó rán mi létí pé nínú súrà 114 tí ó wà nínú Kùránì, 113 ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run Alájọkẹ́ ayé, Aláàánú. A jọ gbà pé aláàánú ni. Ibi tí a ti yapa ni ibi tí a ti ń wo bí àánú náà ṣe rí.

Ìdààmú tí ó wà lọ́kàn Bàbá Àlájì kì í ṣe tuntun, ó sì ti dé inú ìjọ Kristẹni rí. Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà, fẹ́ dáàbò bo títóbi Ọlọ́run ni. Ó ní Ọmọ ga ju gbogbo ẹ̀dá yòókù lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dá ni. Ní ọdún 325, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Níkéà, tí ó wà ní Tọ́kì lónìí, wọ́n sì kọ ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní ohun tí Baba jẹ́ ni Ọmọ jẹ́. Ìpàdé yẹn pé 1,700 ọdún ní 2025. Póòpù Leo Kẹrìnlá àti Bartholomew, olórí ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní Constantinople, lọ gbàdúrà níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àríyànjiyàn àwọn tí iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ Níkéà. Lójú tèmi, inú yàrá ìgbàtọ́jú ọmọ ni ó ti wúlò jù. Bí Jésù bá jẹ́ ìránṣẹ́ lásán, bí ó ti wù kí ó dára tó, ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá rẹ̀ ní ìwà mìíràn. Ìránṣẹ́ lè rẹ́rìn-ín sí ọ lẹ́nu ọ̀nà kí ọba fún ọ ní ìdájọ́ ikú nínú ilé. Bí ó bá jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú Baba, a jẹ́ pé kò sí Ọlọ́run mìíràn tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú pàṣán.

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàlàyé ìdí tí ọmọ àbúrò mi fi kú. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Jésù dé ibojì Lásárù ní Bẹ́tánì, ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ sunkún. Kò sọ fún Màtá pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀. Ohun tí ìgbàgbọ́ náà ṣe fún wa ni pé ó mú ìdáhùn kan kúrò nílẹ̀, ìdáhùn tí ó rọrùn jù, tí gbogbo ènìyàn sì ń sáré mú. Nígbà tí ìyẹn kúrò, àwọn ìbéèrè mìíràn ráyè wọlé: ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún epo? Ta ni ó ná an?

Ọ̀pọ̀ oṣù ni àbúrò mi fi yẹra fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ń lọ báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni, ẹ̀yìn ni ó máa ń jókòó sí. Ní oṣù tí ó kọjá, ó kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tí ń darí ilé ìwòsàn náà, ó ní kí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ epo jẹnẹrétọ̀ ti òru ọjọ́ yẹn han òun. Ó gbé e lọ fún Bàbá Àlájì kí ó bá òun wò ó. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún gbólóhùn kan ṣe, wọ́n sì buwọ́ lù ú lábẹ́ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí. Wọ́n ní Ọlọ́run kọ́ ni ó ní kí wọ́n má ra epo.

A fún àwọn ìgbìmọ̀ náà ní ogójì ọjọ́. Ó ku mọ́kànlá.